Ọdún Mélòó Ni Wọ́n Fi Sin Òkú Sínú Ibojì Hazleton?

Katakata àgbẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ ibojì yìí. Ní agbègbè Cotswolds, ní Gloucestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkìtì òkúta méjì wà nínú oko lẹ́bàá abúlé Hazleton. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìwé kíkọ nílẹ̀ náà ni wọ́n ti wà níbẹ̀, àmọ́ ọdọọdún tí àgbẹ̀ bá ti túlẹ̀ ni nǹkan ń dín lára wọn. Ní 1979, Alan Saville kó àwọn awalẹ̀pìtàn lọ síbẹ̀ láti gbẹ́ èyí tó wà lápá àríwá kí ìyókù rẹ̀ tó di yẹpẹ oko. Lóde òní, ihò díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ sára irú òkìtì bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀. Saville ní tirẹ̀ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, òkúta tẹ̀ lé òkúta, títí di 1982. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn ni a fi rí nǹkan sọ nípa ibojì yìí ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Òkìtì náà gùn ju mítà 50 lọ, ó fẹ̀ lórí, ó sì ń tín-ín-rín lọ sídìí. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ́ yàrá òkúta méjì sí. Ẹ̀gbẹ́ àríwá ni ẹnu ọ̀nà ọ̀kan wà, ti èkejì wà ní gúúsù, ọ̀nà tóóró tó ṣẹ́ kọ́nà ló sì wọ inú yàrá kọ̀ọ̀kan lọ. Àwọn méjèèjì ò jára wọn. Nínú wọn ni eegun nǹkan bí ogójì èèyàn wà: àgbà, ọ̀dọ́, ọmọ ọwọ́. Púpọ̀ nínú eegun náà ti dàrú mọ́ra wọn, orí ẹnì kan níbí, itan ẹlòmíràn lọ́hùn-ún, torí pé bí òkú tuntun bá ti dé ni wọ́n ń ti àwọn ti tẹ́lẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà àríwá, ọkùnrin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tì. Gbogbo eegun rẹ̀ pé ní oríkèé-oríkèé bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n gbé kókó òkúta ìbọn kan sí, irú èyí tí wọ́n ń ṣá abẹ jáde lára rẹ̀. Lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ni òkúta tí wọ́n fi ń lù ú wà. Irinṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó jọ pé wọ́n fẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe níbi tó ń lọ.

Ẹni tó bá dé irú ibi báyìí, ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ọ ló máa kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọdún mélòó ni wọ́n fi lò ó ló jù. Ẹ wò ó: bí ogójì òkú bá fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún wọlé síbẹ̀, á jẹ́ pé bí ọdún méjìlá-méjìlá ni wọ́n ń sin ẹnì kan. Irú ibẹ̀ yẹn á jẹ́ ti ọba tàbí ti abọrẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣa ẹni tó tó sin. Bí ogójì yẹn bá sì fi ọgọ́ta ọdún péré wọlé, ilé kan ni wọ́n, wọ́n mọ ara wọn, ẹni tó sin ti òní mọ orúkọ ẹni tí wọ́n sin lánàá. Òkúta kan náà, eegun kan náà, ìtàn méjì tí ò jọra rárá.

Láyé àtijọ́, ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń ka ọjọ́ orí ibojì ni ìkòkò: wọ́n á fi àfọ́kù ibí wé ti ibòmíràn títí wọ́n á fi bá a dé Íjíbítì, níbi tí àkọsílẹ̀ ọba wà. Ọ̀nà yẹn ni Stuart Piggott gbà nígbà tó kọ ọ́ ní 1954 pé nǹkan bí 2000 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù ni iṣẹ́ àgbẹ̀ dé Ìlú Ọba. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni Piggott. Òun àti Richard Atkinson ló gbẹ́ ibojì West Kennet ní 1955 sí 1956. Àmọ́ nígbà yẹn, Willard Libby ti ṣàfihàn ọ̀nà kábọ́nù 14 ní Chicago láti 1949, èyí tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1960, ọdún tí kábọ́nù sì ń mú jáde pẹ́ ju ti ìkòkò lọ fíìfíì. Nígbà tí irú rẹ̀ jáde fún Durrington Walls, nítòsí Stonehenge, Piggott sọ ọ́ ní gbangba ní 1959 pé awalẹ̀pìtàn ò lè gbà á. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ fi hàn pé kábọ́nù náà gan-an ò tíì sọ bó ṣe pẹ́ tó.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Lókè sánmà, ìtànṣán láti òfuurufú jíjìn máa ń kọlu afẹ́fẹ́ náítírójìn, á sì sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di kábọ́nù 14. Ewéko á fà á símú mọ́ kábọ́nù yòókù, màlúù á jẹ ewéko, èèyàn á mu wàrà, á sì jẹ ẹran. Nínú átọ́ọ̀mù kábọ́nù ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù kan, bí ọ̀kan péré ni 14. Níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ń jẹun, èyí tó ń bà jẹ́ lára rẹ̀ ń rí àrọ́pò. Ọjọ́ tó bá kú, àrọ́pò tán. Láti ọjọ́ náà, ọdún 5,730 ni ìdajì rẹ̀ fi máa pòórá, a sì lè wọn ohun tó kù ká fi mọ ìgbà tó ti kú. Ti àwọn ará Hazleton, èyí tó kù lára wọn lé díẹ̀ ní ìdajì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé sánmà kì í ṣe kábọ́nù 14 ní iye kan náà lọ́dọọdún. Igi ló tú àṣírí yìí. Igi ilẹ̀ olótùútù ń yọ òrùka kan nínú lọ́dún, òrùka kọ̀ọ̀kan sì ń gbé kábọ́nù ọdún tirẹ̀ pamọ́. Wọ́n ka òrùka yìí láti ara igi ààyè bọ́ sára òkú igi, títí dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì wọn kábọ́nù inú wọn. Bí ẹ bá wọn eegun Hazleton láìfi igi tún un ṣe, iye tó máa jáde ò ní jìnnà sí ọdún 4,850 ṣáájú 1950. Ẹ yọ 1950 kúrò nínú rẹ̀, ẹ ó dé nǹkan bí 2900 kí wọ́n tó bí Jésù. Bí ẹ bá wá gbé e sórí òrùka igi, ó di nǹkan bí 3650. Àṣìṣe tó tó ẹgbẹ̀rin ọdún dín díẹ̀ ni òrùka igi gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Hazleton wà lára àwọn ibojì tó kọ́kọ́ jàǹfààní ẹ̀rọ asáré-átọ́ọ̀mù ti Oxford. Ṣáájú ẹ̀rọ yìí, kí wọ́n tó lè wọn eegun, ó ní láti pọ̀ gan-an, ẹ lè fi odindi itan ṣòfò. Ẹ̀rọ náà ò ju mílígíráàmù kábọ́nù kan lọ tó ń fẹ́, torí náà wọ́n lè ṣà nínú òkú púpọ̀ láìba nǹkan jẹ́ jù. Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1987.

Iṣẹ́ inú yàrá àyẹ̀wò gan-an gba sùúrù. Wọ́n á gbẹ́ ìta eegun dànù torí ìdọ̀tí àti gbòǹgbò, wọ́n á gé díẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ásíìdì. Ásíìdì á jẹ ohun líle inú rẹ̀ tán, eegun tó le gan-an tẹ́lẹ̀ á wá máa tẹ̀ bíi rọ́bà, ìrísí rẹ̀ ò sì ní yí padà. Ohun tó kù yẹn ni kọ́lájìn, èròjà tí ara fúnra rẹ̀ hun. Wọ́n á fi omi gbígbóná yọ́ ọ, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi òtútù gbẹ ẹ́ títí á fi dà bí òwú funfun fúyẹ́. Wọ́n á jó òwú yìí di gáàsì, wọ́n á sọ gáàsì di èédú kíún tí ẹ̀rọ lè ka átọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kọ́lájìn inú eegun kan ò bá tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sábà máa ń jù ú sílẹ̀. Ilẹ̀ òkúta ẹfun Cotswolds máa ń tọ́jú eegun dáadáa. Ká ní ilẹ̀ pupa kíkan bíi tiwa ni, ọ̀rọ̀ á ti parí síbí.

Èsì wà nílẹ̀, àmọ́ èsì lásán lè tan èèyàn jẹ, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní òkú 20 wà tí gbogbo wọn kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bóyá ogun ló pa wọ́n. Ká wọn eegun ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí kálukú ní àṣìṣe ọdún 50 síwájú tàbí sẹ́yìn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kú, síbẹ̀ láàárín èyí tí ẹ̀rọ pè ní àgbà jù àti èyí tó pè ní àbúrò jù, ẹ lè rí ọdún 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó á búra pé bí igba ọdún ni wọ́n fi ń sin òkú síbẹ̀. Ẹ wá fi ti òrùka igi kún un: láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún kẹrin kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn ibì kan wà tí òṣùwọ̀n náà tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹni tó kú lónìí àti ẹni tó kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan gbọọrọ ń mú iye kan náà jáde. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí àwọn ibojì òkúta fi ń gbó sí i lórí bébà. Tí èsì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dà bí ibi tí wọ́n lò títí ayé.

Ẹni tó tú èyí ká ti kú láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Thomas Bayes, àlùfáà ìjọ Presbyterian tó fẹ́ràn ìṣirò, fi ìwé kan sílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1763 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí ìṣirò rẹ̀ gbà wá láyè ni pé ká má dá èsì ẹ̀rọ gbọ́, ká fi ohun tí a ti mọ̀ láti inú ilẹ̀ tì í lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún àwa: ètò OxCal tí Christopher Bronk Ramsey ṣe ní Oxford ni púpọ̀ nínú wọn ń lò.

Níbí ni àìfi-ìkánjú-ṣiṣẹ́ Saville ti wá sanwó. Lábẹ́ òkìtì náà, wọ́n rí ààtàn: eegun màlúù, àfọ́kù ìkòkò, wóró àlìkámà tó jó. Ohunkóhun tó bá wà nínú ààtàn yìí gbọ́dọ̀ ti wà kí ibojì tó dé. Ohun kejì, òkúta ọ̀nà àríwá wó lulẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń lo ibojì, ó sì dí yàrá inú pa. Nítorí náà, àwọn tó wà nínú yàrá àríwá ṣáájú ọkùnrin olókùúta-ìbọn tó sùn sí ẹnu ọ̀nà. Ohun kẹta ni oríkèé. Bí eegun ọwọ́ bá ṣì wà ní ìsopọ̀ bí ara ṣe so ó, á jẹ́ pé iṣan ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Òkú tuntun nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé eegun baba ńlá àtijọ́ kan ni wọ́n lọ kó wá láti ibòmíràn.

John Meadows, Alistair Barclay àti Alex Bayliss kó gbogbo èyí pọ̀ mọ́ èsì kábọ́nù àtijọ́ àti tuntun, wọ́n sì gbé e jáde ní 2007. Ibojì tí wọ́n kọ́ láàárín 3700 sí 3650 kí wọ́n tó bí Jésù ni, kò sì jù ìran méjì tàbí mẹ́ta lọ tí wọ́n fi sin gbogbo òkú inú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ kan náà, tí Bayliss pẹ̀lú Alasdair Whittle ṣáájú rẹ̀, wọ́n ṣe ibojì mẹ́rin mìíràn bẹ́ẹ̀. Ní West Kennet tí Piggott gbẹ́, èyí tí wọ́n ti ń sọ tipẹ́ pé wọ́n fi ẹgbẹ̀rún ọdún lò, àwọn òkú àkọ́kọ́ fi nǹkan bí ọdún 10 sí 30 péré wọlé. Wọ́n á ru òkúta ràgàjì, wọ́n á kọ́ ilé òkú ńlá, ìran kan ò sì ní tíì kọjá tí wọ́n á ti pa á tì.

Àríwísí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kù díẹ̀. Ọ̀kan ni pé eegun àgbàlagbà kì í yára pààrọ̀ kábọ́nù ara rẹ̀: itan ẹni tó kú ní àádọ́ta ọdún ṣì ń gbé kábọ́nù tó jẹ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún, ta ló bìkítà? Ní báyìí tó ti di ọ̀rọ̀ ọgọ́ta ọdún, ọdún 20 tí eegun fi gbà sẹ́yìn ti di nǹkan. Èkejì ni ẹja òkun, tí kábọ́nù inú rẹ̀ ti gbó kí èèyàn tó jẹ ẹ́, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ẹran àti wàrà ló ń bọ́ wọn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí 2021 fi ń parí lọ. Nígbà náà ni Chris Fowler ti yunifásítì Newcastle, Iñigo Olalde àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé DNA èèyàn 35 láti Hazleton jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Nínú 35 yìí, ẹbí kan ni 27, ìran márùn-ún léra wọn. Ọkùnrin kan ló wà ní orísun wọn, obìnrin mẹ́rin ló sì bímọ fún un. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ obìnrin méjì ni wọ́n ń sin sí gúúsù, ti obìnrin méjì yòókù sí àríwá. Àwọn ọkùnrin wà pẹ̀lú baba wọn àti àwọn arákùnrin wọn. Ọmọbìnrin tó kú ní kékeré wà níbẹ̀, àmọ́ ọmọbìnrin ilé tó ti dàgbà, ẹyọ kan ò sí: ó jọ pé ilé ọkọ ni wọ́n wà. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ìyá wọn ti bí fún ẹlòmíràn, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ọkọ lára wọn, wọ́n sì sin wọ́n mọ́ àwọn ọmọ ilé. Àwọn mẹ́jọ tó kù ò bá ẹnikẹ́ni tan lójú DNA, láì yọ àwọn obìnrin tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyàwó ilé.

Ẹlòmíràn á ní: ìran márùn-ún rèé, ṣé kábọ́nù ò ní méjì sí mẹ́ta? Ìjà kankan ò sí níbẹ̀. Bí baba ńlá bá kú ní ẹni 50 ọdún, tí ọdún 25 sì wà láàárín baba àti ọmọ, ìran karùn-ún á dáyé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìbí baba ńlá, ìyẹn ọdún 50 lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá lo ọdún díẹ̀ láyé kó tó kú, gbogbo ìsìnkú náà á ti parí láàárín ọdún 60 tàbí 70. Ìbí ni DNA ń ka, ikú ni ibojì ń ka. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé baba ò fi dandan kú ṣáájú ọmọ. DNA lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ wáyé, kò lè sọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé.

Yorùbá tó bá ka ìròyìn yìí á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n pín òkú sí yàrá gẹ́gẹ́ bí ìyá, bí a ṣe ń pín ogún ní ìdí-igi. Mo fẹ́ ká ṣọ́ra níbẹ̀ ṣá. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà ò sọ pé ọkọ olóbìnrin mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ni: ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú ló ń fẹ́ òmíràn, DNA ò mọ ìyàtọ̀. Ohun tó dájú ni pé orúkọ ìyá ṣì ṣe pàtàkì lójú wọn lẹ́yìn ìran mélòó kan, débi pé ó ń pinnu ẹnu ọ̀nà tí wọ́n á gbé òkú gbà. Ká ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún ni kábọ́nù fún wa ni, ta ni ì bá gbà pé ẹnikẹ́ni ṣì rántí ìyá ta ni ta ni?

Ní Hazleton lónìí, ibojì àríwá ò sí mọ́, ẹni tó bá tú nǹkan palẹ̀ tán ti tú u palẹ̀ nìyẹn. Ti gúúsù ṣì wà nínú oko rẹ̀, wọn ò tíì gbẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ṣí i lọ́jọ́ kan, eegun díẹ̀ péré á tó láti mọ̀ bóyá àbúrò àwọn ará àríwá ni wọ́n, àwọn ọmọbìnrin tó lọ ilé ọkọ, tàbí àjèjì pátápátá.